Ìrọ̀lẹ́ Ṣábátì

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Fúráìdè yẹn ni Fadékẹ́ ti ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì bí ẹni tó ń bá a jà. Á gbé e sókè, á là á mọ́ tábìlì, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, á tún gbé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jókòó sí ìdí tábìlì kan náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, ibẹ̀ náà sì ni kíláàsì wọn. Lára ògiri lókè orí wọn, a b d wà níbẹ̀, lẹ́tà èdè Hébérù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwòrán ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn tí Fadékẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró náà jọ ẹ̀pà tí wọ́n là sí méjì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i.

Èyítọ́pẹ́, àbúrò, ọmọ ọdún méje, ń ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ń fi ìka ka nǹkan lábẹ́ tábìlì kí ìyá rẹ̀ má baà rí i. Ìrètíolúwa, ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣí ìwé sílẹ̀, ó ń wo ojú wíńdò.

"Ìrètí, o ò tíì kọ nǹkan kan láti àárọ̀."

"What am I writing it for?" ni ọmọ náà fi dáhùn. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n bí i sí, Òyìnbó sì ni ẹnu rẹ̀ máa ń sáré mú bí inú bá ń bí i.

Bàbá wọn jáde láti inú yàrá, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Akínfẹ́mi ń ta bátìrì mọ́tò ní Uselu. Ó gbọ́ ohun tí ọmọ sọ, ó gbọ́ ohun tí ìyá kò sọ.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán nínú ilé yìí," ó wí. "Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún gbé e dìde."

Fadékẹ́ la ìyẹ̀fun mọ́ tábìlì. Abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fò sókè.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó ti tán yìí kò tíì tán lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Lọ́la, Sátidé, ni ìdánwò àbáwọlé sí ilé ìwé girama kan nítòsí Uselu. Júù ni Akínfẹ́mi àti ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ ní Fúráìdè títí ìràwọ̀ mẹ́ta á fi yọ ní alẹ́ Sátidé, wọn kì í kọ̀wé tàbí kí wọ́n fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù, wọn kì í dáná, wọn kì í wọ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wọn fi ń kàwé nílé, nítorí gbogbo ilé ìwé tó wà ní sàkáání wọn ló sọ lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún ọjọ́ Sátidé, di dandan. Ta ló ní kí ọmọ kékeré máa ru báàgì ní ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n òbí tó bá ní òun ò ṣe, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ọmọ rẹ̀, tàbí pé bàbá rẹ̀ ń sá fún owó ilé ìwé.

Ilé ìwé girama yẹn nìkan ni kì í ṣe lẹ́sìn ní Sátidé. Ìdánwò àbáwọlé yìí nìkan ló bọ́ sọ́jọ́ náà. Bí ọmọ kò bá sì ṣe é, ó di ẹ̀yìn ọdún kan, nílé, nídìí tábìlì yìí, lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó jọ ẹ̀pà. Fadékẹ́ ti kọ́ ọmọ yìí láti a b d dé ibi tí ọmọ ń béèrè ohun tí òun kò mọ̀. Akínfẹ́mi ló yẹ kó bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún ọmọ ní àkókò mìíràn. Ó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bá ìbínú bọ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ Ṣábátì lobìnrin yẹn ní kí n mú ọmọ mi wá!" ni ohun tó wí lọ́jọ́ náà, tí ẹ̀jẹ̀ wà lójú rẹ̀. "Nínú gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ọlọ́run dá! Ó fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo sì sọ tẹnu mi fún un."

Láti ọjọ́ náà, ilé dákẹ́. Ṣíbí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń jẹun.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ tán, Fadékẹ́ fi aṣọ bo ìyẹ̀fun kó lè wú, ó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde sẹ́yìnkùlé. Mama Osaretin, aládùúgbò wọn, ń sá aṣọ. Ọmọ Ẹ̀dó ni, ó ti dàgbà, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀.

"Kóyo, Madam Jew," ó kí i bí àwọn Ẹ̀dó ṣe ń kíni. "Your first pikin no dey write that exam tomorrow?"

"She no go write, Mama."

"Why? My daughter pikin dey go o. Dem don sew new uniform join, and she never even pass." Ó fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ, ó yí padà. "Madam, make I tell you true. People for this street dey talk. Dem say una lock pikin for house. Me I say no, dem dey learn, I dey hear them dey sing ABC. But exam na exam. Abi God no go understand one day?"

Fadékẹ́ ń fa omi.

"And this una soup wey no get crayfish," Mama Osaretin tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, "I no know how una dey swallow am. Yoruba person wey be Jew. Osanobua!" ó ké pe Ọlọ́run lédè Ẹ̀dó. "Benin don see everything."

Fadékẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ ẹ́ kó máa bá òun wo àwọn ọmọ, pé òun fẹ́ sáré dé Santana ra ẹja Ṣábátì. Mama Osaretin ní kó máa lọ, pé òun yóò fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sí nínú ohun tí Ọlọ́run wọn kọ̀?

Ọjà Santana kún. Ẹlẹ́ja tó máa ń tà fún un rí i lókèèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ẹ̀fẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní Fúráìdè gbogbo. Á gbé ẹja àrọ̀ tó ṣì ń jà sókè, Fadékẹ́ á mi orí, á sì ní kó fún òun ní ẹpìyà, nítorí ẹja tó ní ìpẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ nílé rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹpìyà ni ẹnìkan ti kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ṣùbòmí ni, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ní ilé ìwé girama yẹn. Wọ́n ti mọra nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ìlú Benin, kí iṣẹ́ tó gba àyè ìpàdé lọ́wọ́ Ṣùbòmí.

"Ẹ má bínú, mà," ọmọbìnrin náà wí, "ọ̀rọ̀ ọmọ yín yẹn dùn wá. Èmi gan-an ni mo ti ní màá dúró tì í lálẹ́ ọ̀la."

"Alẹ́ ọ̀la?" Fadékẹ́ gbé ẹja sílẹ̀. "Alẹ́ òní ni wọ́n wí."

"Alẹ́ òní kẹ̀? Ta ló ń ṣe ìdánwò lálẹ́ Fúráìdè, mà? Ọ̀gá ní lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti ṣe tiwọn lọ́sàn-án, tí oòrùn bá wá wọ̀, kí wọ́n mú tiyín wá. A ti ń wá epo sínú jẹnẹrétọ̀. Ni Dádì wọn bá bínú."

Ariwo ọjà kò dínkù, ṣùgbọ́n Fadékẹ́ kò gbọ́ ọ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ṣábátì! Nínú ilé rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ọjọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni Ṣábátì ń wọlé, òun náà ni wọ́n sì ń pè ní ìrọ̀lẹ́ Ṣábátì, àní Èyítọ́pẹ́ kékeré mọ̀ ọ́n. Ta ló wá sọ ìyẹn fún ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin ará Àkókó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè? Lẹ́nu tirẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni òpin ọjọ́ náà. Orúkọ tí àwọn Júù ń pe Sátidé ni obìnrin náà wá lò, kó lè bu ọlá fún wọn. Yorùbá ni òun àti Akínfẹ́mi fi sọ̀rọ̀, kò sí ògbufọ̀ láàárín wọn, wọ́n sì kọjá ara wọn lójú ọ̀nà.

Inú bí Fadékẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹja, ó wọ kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ọ̀nà ilé ló gbà.

Ìyáàfin Ọláyọdé, ọ̀gá ilé ìwé náà, dúró nínú gbọ̀ngàn, ó ń tọ́ka ibi tí wọ́n máa to àga sí. Fadékẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìró ọjà lára rẹ̀ àti láílọ́ọ̀nù ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni ìyá Ìrètíolúwa. Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́mi."

"Háà. Ẹ̀yin nìyẹn." Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ dìde. Ọkọ yín pè mí ní ọ̀tá Ọlọ́run, mà, níwájú àwọn olùkọ́ mi. Èmi tí mo ti ń kọ́ni kí irun orí mi tó funfun."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì wá." Kò dìde. Ó ṣàlàyé láti orí ìkúnlẹ̀: bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn, bó ṣe jẹ́ pé létí ọkọ òun, ìgbà tí wọ́n ń tan àbẹ́là Ṣábátì gan-an ni wọ́n ní kó mú ọmọ wá kọ̀wé.

Ìyáàfin Ọláyọdé gbọ́ ọ parí. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ ń ṣáájú àárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè ẹyọ kan ni ì bá bi mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi náà ì bá ti sọ pé Sátidé. Mo ń wá orúkọ dáadáa kiri." Ó wo ẹja tó ń kán sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ sọ fún mi, ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ló dé tí ọmọ ò lè wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀?"

"Ẹ dákun, mà," Fadékẹ́ wí jẹ́jẹ́, "kí ló dé tó fi jẹ́ Sátidé ni ìdánwò?"

Ọ̀gá ilé ìwé náà dá awò rẹ̀ padà sójú. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a."

Ẹnìkan ń fa àga gba inú gbọ̀ngàn kọjá.

"Mi ò lè gbà á lẹ́nu yín," Ìyáàfin Ọláyọdé wí níkẹyìn. "Ẹ má rò pé ìkà ni mí. Níwájú àwọn olùkọ́ mi ló ti ní rárá. Bí mo bá ní kí wọ́n padà wá lálẹ́ ọ̀la nítorí ẹni tó bú mi, wọ́n á ní mi ò níyì. Òun ni kó wá. Kó wá kí a tó ti ilé ìwé lónìí."

Bí Fadékẹ́ ṣe dé Uselu, oòrùn ti kọjá àtàrí. Akínfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí bátìrì ọlọ́kọ̀ takisí kan, ó ń da omi sínú rẹ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀, ó rí láílọ́ọ̀nù ẹja, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Ṣé kò sí o? Ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ?"

"Kò sí. Mama Osaretin wà lọ́dọ̀ wọn. Bàbá Ìrètí, mo ti ilé ìwé yẹn bọ̀."

Ó gbé ike omi sílẹ̀. "Ta ló rán ọ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni obìnrin yẹn ń wí. Lẹ́yìn tí Ṣábátì bá ti jáde."

"Ìrọ̀lẹ́ Ṣábátì ló sọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ."

"Ẹ fi ti ilé wa gbọ́ ọ. Ti ilé tirẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣáájú, Fadékẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ sínú Tórà."

"Ó wà nínú Tórà. Kò sí lẹ́nu obìnrin yẹn."

Ọlọ́kọ̀ takisí ń wo òkè bí ẹni tí kò gbọ́. Akínfẹ́mi mú àkísà, ó ń nu ọwọ́ tí kò ní nǹkan kan lára. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ti gbà, gbígbà náà ló ń dùn ún.

"Kí ló wá ní?"

"Ó ní kí ẹ̀yin fúnra yín wá. Kí wọ́n tó ti ilé ìwé."

"Kí n wá ṣe kí ni? Kí n wá kúnlẹ̀ fún un?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ pè é."

"Mo ní oníbàárà nílẹ̀," ó wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí bátìrì.

Fadékẹ́ dúró díẹ̀. Ó lè pariwo. Ó lè sunkún, Uselu á sì gbè é lẹ́sẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan níbẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀fóró tí mo yà sára ògiri yẹn," ó wí, "ẹ ti wò ó dáadáa rí? Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Mi ò ní òmíràn tí mo lè fún ọmọ yín."

Ó yí padà, ó wá kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sílé.

Ìyẹ̀fun ti wú kọjá bó ṣe yẹ. Ó pín in, ó dì í bí ìgbà tí wọ́n ń dirun, ó tì í sínú ààrò. Ó din ẹpìyà, ó gbé ọbẹ̀ kaná, ọbẹ̀ tí kò ní edé. Ó ní kí Èyítọ́pẹ́ lọ wẹ̀, ó ní kí Ìrètí gbá ilẹ̀. Ní ilé Júù, Fúráìdè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ kò bá sè kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ò ní jẹ ẹ́.

"Mummy, where did you go since?"

"Ọjà."

Kò fẹ́ kí ọmọ náà tún ní ìrètí lẹ́ẹ̀kan sí i lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọbẹ̀ ń hó, ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó jókòó lórí àpótí, ó sì gbẹ́ pẹ́ńsùlù méjì. Ó gbẹ́ wọn dáadáa, ó fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ yìí náà kò ṣeé ṣe mọ́ bí oòrùn bá wọ̀. Ìrètí dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"For who?"

"Gbálẹ̀, jọ̀ọ́."

Ó to pẹ́ńsùlù náà sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Búrẹ́dì jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ti jóná díẹ̀. Oòrùn ń lọ lẹ́yìn òrùlé Mama Osaretin, Akínfẹ́mi kò sì tíì dé. Kò sí Fúráìdè kan tó pẹ́ rí. Fadékẹ́ ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ojú sánmà. Nígbà tí kò lè dúró mọ́, ó fi gèlè bo orí, ó tan àbẹ́là, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, ó sì gbàdúrà. Àdúrà náà gùn ju ti ọ̀sẹ̀ yòókù lọ. Àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kí ó tó ṣí ojú.

Ẹsẹ̀ ni Akínfẹ́mi fi rìn wọlé. Oòrùn wọ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e. Ó kí wọn kú Ṣábátì. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tó wà. Àwọn ọmọ ti dúró, nítorí ní gbogbo Fúráìdè, kí wọ́n tó jẹun, bàbá wọn á gbé ọwọ́ lé wọn lórí, á súre fún wọn.

Ibi tó ti ń gbé ọwọ́ sókè ni Fadékẹ́ ti rí i. Iyẹ̀pẹ̀ pupa wà ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì. Ó wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, láti bọ́tìnnì òkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń wà láyà ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọgbà tí kò sí sìmẹ́ǹtì.

Akínfẹ́mi gbé ọwọ́ lé orí Ìrètíolúwa. Ó dárúkọ Sárà àti Rèbékà, ó dárúkọ Rákélì àti Léà. Nígbà tó parí, kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la," ó wí. "Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ fún ọ."

Ọmọ náà gbé ojú sókè. "Which evening, Daddy? Our own or their own?"

Akínfẹ́mi, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi ọjọ́ pè nínú ilé yẹn, fọwọ́ pa ọmọ náà lórí.

"Ìrọ̀lẹ́ ti gbogbo ayé," ó wí.

Inú Fadékẹ́ dùn, inú sì tún bí i. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń bínú sí, kì í sì í ṣe obìnrin Àkókó yẹn nìkan. Odidi ọkùnrin dojú bolẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ kí ọmọ tó lè kọ ohun tó ti mọ̀ sórí ìwé, nítorí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí tí wọ́n fi mú un. Ó fẹ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀, ó sì gbé oúnjẹ.

Ìrètí kò tíì jókòó. Ó rìn lọ sí ìdí pẹpẹ, ó wo pẹ́ńsùlù méjèèjì tí iná àbẹ́là ń tàn sí lẹ́nu. Ó na ọwọ́, ó sì dá a dúró. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró ń wò wọ́n, nítorí ilẹ̀ ti ṣú.